4G síìmù tuntun kò yọ lórí fóònù mi: báwo ni mo ṣe lè yẹ bánǹdì (ìgbì rédíò tí 4G ń gbà) wò kí n tó ra fóònù mìíràn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ fóònù. Apẹ̀tẹ̀ n'Íbàdàn ni mo ti ń ránṣọ, orí WhatsApp sì ni àwọn oníbàárà mi ń fi sítáìlì ránṣẹ́ sí. Látìgbà tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti fọwọ́ sí àfikún owó ìpè àti dátà lóṣù kìíní ọdún 2025, owó dátà mi ti ju owó òwú lọ. Mo wá ra síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí tiẹ̀ dínwó, kí n dán an wò kí n tó fi PORT ránṣẹ́ sí 3232 láti gbé nọ́ńbà mi lọ síbẹ̀.

Ó ń pe èèyàn dáadáa, àmọ́ 3G nìkan ló ń gbé. Mo ti tún APN rẹ̀ (sẹ́tíǹsì tí síìmù fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì) ṣe, mo ti gbé e sí ihò síìmù kejì, mo ti yan 4G nínú sẹ́tíǹsì, pàbó ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá kì í sínú fóònù ọmọ iṣẹ́ mi, 4G á yọ lójú ẹsẹ̀! Síìmù mi àtijọ́ sì ń gbé 4G lórí fóònù mi yìí (tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni). Mo fura pé bánǹdì fóònù mi àti ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun yìí ni kò bára mu.

Mo fẹ́ ra fóònù tí kò ju 100,000 náírà lọ ní Queen Cinema. Tí mo bá bi àwọn ọmọ tó ń tà á, "4G ni, Mọ́mì" ni gbogbo àlàyé wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni mo ti lè rí bánǹdì 4G tí fóònù kan ń gbé, àti èyí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lò n'Íbàdàn, kí n tó sanwó?