Ṣé mo lè máa gbé RX-7 yìí lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́?

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ọ̀gá mi nídìí ọkọ̀. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ.

Mazda RX-7 ọdún 1993 ni mo ní níbí ní Houston. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, 13B-REW, kò ní pístìn. Rotor méjì onígun mẹ́ta ló ń yí nínú rẹ̀, lítà 1.3 péré. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti yọ tọ́bò méjì tó bá a wá (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnnì), ó fi ẹyọ ńlá kan rọ́pò wọn, ó sì pààrọ̀ ECU, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Tó bá gbéra, orí mi a wú!

Ọkọ̀ tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́ ti kú, èyí nìkan ló kù. Máìlì 22 ni àlọ, 22 ni àbọ̀, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àti oòrùn Texas. Ooru gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Tí epo bẹntiróòlù bá gbiná ṣáájú àsìkò nínú ẹ́ńjìnnì yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè fọ́ apex seal, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dí ṣóńṣó igun rotor; títú palẹ̀ ló kàn. Mo ń po ọ́ìlì two-stroke díẹ̀ mọ́ epo, n kì í sì í tẹ̀ ẹ́ kó tó móoru. Síbẹ̀, lọ́sẹ̀ tó kọjá, omi rẹ̀ gbóná dé 104 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Mo pa AC, mo tan hítà, ó tó rọlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gun irú rẹ̀ pẹ́, ṣé rádíétọ̀ tó nípọn ni kí n kọ́kọ́ rà, àbí kí n ní kí wọ́n dín boost (agbára afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń tì wọlé) kù? Àbí kí n kúkú wá Corolla àlòkù kan? Títà rẹ̀ kò sí lọ́kàn mi rárá.