Ta ni “onímọ̀ sáyẹ́ǹsì” lẹ́nu ìyá ọlọ́jà?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà, mo kí yín o.

Mo ti ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kọ lánàá, pé kí á pa “onímọ̀ sáyẹ́ǹsì” tì, kí á máa pè wọ́n ní “onímọ̀ ìjìnlẹ̀”, nítorí pé orúkọ tó bá wúwo ni yóò jẹ́ kí àwùjọ kà wọ́n sí. Arábìnrin wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fèsì pé owó tí a kì í fún wọn ni ìṣòro, kì í ṣe orúkọ. Mo pẹ́ dé, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò gba “ìjìnlẹ̀” wọlé. Tí ẹ bá sọ fún bàbá kan ní Ìsẹ́yìn pé onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń bọ̀ wá kí i, babaláwo ni yóò máa retí, tàbí àgbà tó gbówe. Ohun tó bá jìn, ẹ̀rù ló ń bani. Iṣẹ́ àwọn tí à ń wí yìí sì ni pé kí wọ́n gbé ohun tí wọ́n rí síta, kí ẹlòmíràn tún un dán wò, bóyá irọ́ ni. Èyí tí a bá fi pamọ́ ti di awo nìyẹn.

Orúkọ ńlá kì í sì í yára mú iyì wá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, 1834 ni “scientist”, ìyẹn “onímọ̀ sáyẹ́ǹsì” tiwọn, tí ọ̀mọ̀wé wọn kan, William Whewell, dá sílẹ̀ kọ́kọ́ jáde nínú ìwé. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ṣì ń yínmú sí i.

“Oní” yẹn ló ń dùn mí ní tèmi. Agbẹjọ́rò ń gba ẹjọ́ rò. Apoògùn ń po oògùn. Awòràwọ̀ ń wo ìràwọ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò dìde pé “oníṣègùn” àti “onígbàjámọ̀” ńkọ́. Ẹ tú wọn wò, iṣẹ́ ṣíṣe ló tẹ̀lé “oní” níbẹ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ìmọ̀, ó dáa, kí ló ń fi ìmọ̀ náà ṣe? Orúkọ rẹ̀ kò sọ.

Ẹ mú owó náírà yín jáde. Ẹ ó rí olóṣèlú, ẹ ó rí ológun, ẹ ó rí olùkọ́, ìyẹn Alvan Ikoku lórí náírà 10 (tí alágbe pàápàá ń fojú burúkú wò báyìí). Gómìnà báńkì àpapọ̀ méjì ló wà lórí 1,000. Ẹ wá yí náírà 20 sẹ́yìn: Ladi Kwali nìyẹn, amọ̀kòkò, òun àti ìkòkò rẹ̀. Ọmọdé tí kò tíì mọ̀wé kà yóò mọ iṣẹ́ tí obìnrin yẹn ń ṣe. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ tó jẹ́ pé yàrá ìwádìí ló ti gbayì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn ti fi Darwin, onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí, sórí pọ́n-ùn 10 rí, Alan Turing, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, sì ti wà lórí 50 láti 2021.

Ẹ wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí ti Yunifásítì Èkó, tó kú ní 1984, ọmọ ọdún 47 péré. Ó ṣe ọkọ̀ Autonov 1, tó ń fi gbogbo jíà rẹ̀ rìn, ì báà jẹ́ síwájú, ì báà jẹ́ sẹ́yìn. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀ fáwọn àgbà l'Ékòó, ẹjọ́ tó bá ìjọba ṣe ni wọ́n máa ń rántí, tàbí ètò ìdíje ìmọ̀ tó ń darí lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọkọ̀ yẹn kò jáde lẹ́nu wọn.

Nítorí náà, ohun tí mo mú wá ni pé kí á má wá orúkọ kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Ta ló ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà ní “oníṣẹ́ ọwọ́” lójà? Ní 2020, ní Yunifásítì Redeemer's, Ẹdẹ, wọ́n ka àbùdá kòkòrò kòrónà, ìyẹn àkọsílẹ̀ inú ara rẹ̀ tó ń sọ irú ohun tó jẹ́ (“genome” lédè Gẹ̀ẹ́sì), àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Mo pe àwọn yẹn ní akàbùdá. Ẹni tó ń yẹ ilẹ̀ oko wò, ayẹlẹ̀wò. Ẹ bá mi tún un ṣe bí kò bá dún létí yín.

Arábìnrin wa, n kò jà yín níyàn lórí owó. Láti February títí wọ October 2022 ni ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì fi wà nílẹ̀, orúkọ kankan kò sì lè san owó ilé. Ọ̀wọ̀ wà, a ń dọ̀bálẹ̀ kí Ọ̀jọ̀gbọ́n dáadáa. Nígbà tí a bá ń pín owó ni a kì í kà wọ́n mọ́.

Níbi ìdána àbúrò mi, alága ìdúró kà á nínú ìwé pé ọkọ ìyàwó jẹ́ “onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nípa ohun ọ̀gbìn”. Gbogbo ilé dákẹ́. Àǹtí ìyàwó kan bi í pé, “Kí ló wá ń ṣe gan-an?” Àbúrò mi dáhùn fúnra rẹ̀ pé òun ń wá irú ẹ̀gẹ́ tí àrùn tó ń mú ewé ká kò ní lè pa. “Ẹ̀n-ẹ́n! Dókítà ẹ̀gẹ́!” Ni ariwo bá ta, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í náwó fún un. Orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé àna rẹ̀ títí di òní nìyẹn.