Ọ̀dà bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mi ti ṣá: ṣé mo lè tún un ṣe nílé?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo kí yín. Oòrùn ti mú kí ọ̀dà pupa orí Corolla àtijọ́ mi ṣá, bí mo bá sì fọwọ́ rà á, lẹ́búlẹ́bú pupa máa ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. N kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí.

Èsì: Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀. Pupa tó ń lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́ fi hàn pé òkè ọ̀dà náà ló kú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì dára. Fọ ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní, gbé e sí abẹ́ ibòji títí irin rẹ̀ yóò fi tutù, kí o wá fi aṣọ rírọ̀ àti rubbing compound (ìpara tó ń họ òkè ọ̀dà tó ti kú kúrò) máa pa á díẹ̀díẹ̀, títí wàá fi rí òjìji ara rẹ nínú rẹ̀. Rọra ṣe létí bọ́nẹ́ẹ̀tì, torí ọ̀dà ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà, fi wax bò ó.

Èsì: Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Ẹ má ṣe kánjú mú sáńpépà o. Sáńpépà nọ́ńbà 800, ní gbígbẹ láìfi omi sí i, ni mo fi ha ilẹ̀kùn tèmi, kí n tó mọ̀, práímà (ọ̀dà àkọ́kùn tó wà lábẹ́) ti yọ síta, ó sì dùn mí gan-an.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun. Mo dán an wò lẹ́bàá wáípà. Aṣọ náà pọ́n bí epo, ibẹ̀ sì ń dán.