Oníbodè dáa, ṣùgbọ́n ráútà kì í ṣe afọ̀nàhàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá tá à ń wá fáwọn nǹkan nẹ́tíwọ̀kì kọ̀ǹpútà ni mo bá wá. Ẹ̀gbọ́n tó ní ká máa pe ráútà, ẹ̀rọ tó ń so nẹ́tíwọ̀kì kan mọ́ òmíràn, ní "afọ̀nàhàn", mo gbọ́ yín sà, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Ẹni tó bá fọ̀nà han èèyàn, ó kàn nawọ́ ni, ẹsẹ̀ ara ẹni la ó fi rìn ín. Pákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ẹrù dátà kékeré tó ń rin orí nẹ́tíwọ̀kì, ò mọ̀nà, kò sì ní mọ̀ ọ́n láéláé, ráútà ló máa ka àdírẹ́sì orí ẹ̀, táá wo tábìlì ọ̀nà tiẹ̀, táá wá fọwọ́ ara ẹ̀ tì í gba ẹnu ọ̀nà tó yẹ.

"Oníbodè" táwọn kan mú wá fún ráútà dùn mọ́ mi gan-an, àmọ́ ipò nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ká ní ọ́fíìsì kan n'Íbàdàn fẹ́ so pọ̀ mọ́ ẹ̀ka ẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́. Àwọn kọ̀ǹpútà inú ilé á mú àdírẹ́sì 192.168.1.1 ní oníbodè, ráútà nìyẹn, ṣùgbọ́n ráútà yẹn náà ní oníbodè tiẹ̀ níwájú, òun la ṣe ń kọ 0.0.0.0/0 sí i, pé ibikíbi tí o ò bá mọ̀, gbé e fún ẹni òdìkejì. Torí náà default gateway, ìyẹn ẹni tá à ń gbé ẹrù tá ò mọ ọ̀nà ẹ̀ fún, ni kó jẹ́ "oníbodè", ẹ jẹ́ kí ráútà máa jẹ́ ráútà, mọ́tò ṣáà ń jẹ́ mọ́tò, ẹni tó ń wà á ló ń jẹ́ awakọ̀.

Èyí tó ká mi lára jù ni "nẹ́tíwọ̀kì gbòòrò" tí wọ́n ń kọ fún WAN, nẹ́tíwọ̀kì tó so ibi tó jìnnà síra pọ̀. Kò gbòòrò o, ó jìn ni! Línkì láti ráútà sí ráútà, /30 la sábà máa ń fún un, ìyẹn ìdì àdírẹ́sì 4, 2 péré ló ṣeé lò, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. /24 inú ọ́fíìsì kan ṣoṣo ní àdírẹ́sì 254 tó ṣeé lò. Èwo ló wá gbòòrò nínú méjèèjì? Ọmọ tó bá ń kọ́ṣẹ́ yìí ní Yorùbá tó gbọ́ "gbòòrò", á lọ fún línkì ẹni méjì ní /24, 252 á wà nílẹ̀ lásán. "Ọ̀nà jíjìn" ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ fi "abẹ́lé" fún LAN, nẹ́tíwọ̀kì inú ilé tàbí ọ́fíìsì kan.

Hop, ìyẹn ráútà kọ̀ọ̀kan tí pákẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá, ńkọ́? Ibùsọ̀ ni témi, ibi tí wọ́n ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ kí wọ́n tó tún gbé e. Ó bá a mu, torí ní ibùsọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń yọ 1 nínú TTL pákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn iye ibùsọ̀ tó ṣì lè dé, tó bá ti di òdo wọ́n á jù ú nù. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ, ẹ gbé e wá.