Àbọ̀ ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ ìfọpo tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí abúlé wa

Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo béèrè bí àwa ará abúlé ṣe lè rí ìwé àyẹ̀wò àyíká iléeṣẹ́ ìfọpo tí wọ́n fẹ́ kọ́ sẹ́bàá odò wa. Àbọ̀ rèé.

Òótọ́ lẹ sọ. Òfin EIA ọdún 1992, ìyẹn òfin Nàìjíríà lórí àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ ńlá lè ṣe fún àyíká, fún aráàlú láyè láti sọ tẹnu wọn kí ìjọba tó fọwọ́ sí i. Ọjọ́ iṣẹ́ 21 ni wọ́n fi ń pàtẹ ìwé náà, a sì bá a ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni látòkèdélẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ wa ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn àgbà.

Àwòrán ilẹ̀ inú rẹ̀ ló dùn mí jù. Ibi tí àwọn ìyá wa ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún fùfú, ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í lò ni wọ́n pè é! Ìyálọ́jà dìde níwájú ìgbìmọ̀ tó wá gbọ́rọ̀ wa, ó ń dárúkọ àwọn tó ń lo ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. A tún kọ tiwa sínú ìwé, a gba òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà ọwọ́ wa (ẹni tó gbà wá nímọ̀ràn yẹn, Ọlọ́run á bù kún un).

Wọ́n ti dá ìwé náà padà fún iléeṣẹ́ ọ̀hún, pé kí wọ́n lọ yẹ odò náà wò dáadáa, lójò àti lẹ́ẹ̀rùn. Inú mi dùn gan-an. Ẹni tí irú rẹ̀ bá dé bá abúlé rẹ̀, kó tètè lọ béèrè ní ìjọba ìbílẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ 21 kì í pẹ́ tán.