Ọ̀rọ̀ wo la lè lò fún kí ọpọlọ kú?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa tí à ń la àwọn Yorùbá ní London lọ́yẹ̀ lórí fífi ẹ̀yà ara tọrẹ ń wá ìmọ̀ràn yín.

Láti May 20, 2020, òfin England ti ka ọ̀pọ̀ àgbàlagbà sí ẹni tó gbà, àfi ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ pé òun ò fẹ́. Síbẹ̀, wọ́n á ṣì bi ẹbí.

Ibi tó ti le nìyí: tí wọ́n bá ní ọpọlọ ẹnì kan ti kú, ẹbí rẹ̀ á ní: "Àyà rẹ̀ ń lù, ara rẹ̀ ń gbóná, ẹ ní ó ti kú?" Ẹ̀rọ ló ń mí fún un. Dókítà méjì á yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì: wọ́n á tan iná sí ẹyinjú rẹ̀, wọ́n á da omi tútù nini sí i létí, wọ́n á yọ ẹ̀rọ wò bóyá á mí fúnra rẹ̀. Àwọn tó máa yọ kíndìnrín ò sí níbẹ̀ rárá. Àwọn ògbufọ̀ kan ń pe irú ikú yìí ní "dídákú". Àṣìṣe ńlá ni, torí ẹni tó dákú lè jí!

Kí la lè pè é? Kí la sì máa sọ fún ẹni tó ń bẹ̀rù pé òun á tún ayé wá láìní kíndìnrín?