Fráídé tí Bàbá Ìbejì béèrè gbèsè mi

Mo ti ka ti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní owó ló ń jẹ́ kí tọkọtaya gbádùn ara wọn. N kò bá yín jiyàn, torí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú tèmi rí.

Aṣọ ni mo ń tà ní Gbági, n'Íbàdàn. Èkó lọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Látìgbà tí rélùwéè tuntun ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn lọ́dún 2021, òun ni wọ́n ń wọ̀ wálé ní ìrọ̀lẹ́ Fráídé, láti Alágọmejì dé Mọníyà. Owó oúnjẹ ò yẹ̀ rí. Wọ́n á kó o sórí tábìlì, wọ́n á jẹun, wọ́n á sùn. Tó bá di ọ̀sán Sọ́ńdè, wọ́n ti ń wá bàtà. Àwọn ẹbí ní kí ni mo tún ń fẹ́. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n sọ. Mo kàn mọ̀ pé bí ẹni ń retí àlejò ló ń ṣe mí tí wọ́n bá ń bọ̀.

Oníbàárà kan wá kó léèsì mi lọ, ó ní òun fẹ́ fi ṣòkú ìyá òun. Kò sanwó, kò sì gbé fóònù mọ́. Mo sọ fún ọkọ mi lórí fóònù, wọ́n ní "hẹn-ẹ́n", wọ́n ní inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ làwọn wà. Mo gbà pé wọn ò gbọ́.

Fráídé tó tẹ̀ lé e, wọn ò tíì bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kejì tí wọ́n fi ní: "Ìyá Ìbejì, obìnrin tó kó léèsì aláwọ̀ ewé yẹn, ṣó ti wá sanwó?"

Ẹ gbọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dárúkọ àwọ̀ léèsì náà! Mo sáré wọ kíṣìnì, mo ní mo fẹ́ wo ọbẹ̀. Omijé ni mo lọ nù.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, a jókòó sọ̀rọ̀ títí iná fi lọ. Èmi náà béèrè ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́, ohun tí n kò ṣe rí, torí ẹ̀sùn ni mo máa ń kà sí wọn létí kí wọ́n tó jókòó. Àṣé ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ọ̀gá ọ̀hún ti gba ipò lọ́wọ́ wọn, ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Gbogbo oorun tí mo rò pé wọ́n ń sùn yẹn, wọn ò sùn.

Obìnrin yẹn ò tíì sanwó mi. Ṣùgbọ́n ní báyìí, tí wọ́n bá ti pè mí pé rélùwéè ti kúrò l'Ábẹ́òkúta, mo ti ń gbé omi àmàlà kaná nìyẹn.